Ká Rà Á Ni, Ká Dà Pọ̀ Ni, àbí Ká Kàn Jọ Ṣe É? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Mú Iṣẹ́ Rẹ̀ Gbòòrò

Lọ́dún 1998, Volkswagen san 430 mílíọ̀nù pọ́n-ùn fún Vickers láti ra ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ Rolls-Royce àti Bentley. Wọ́n gba ilé ńlá tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ní Crewe, wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n tiẹ̀ gba ère obìnrin kékeré tó máa ń dúró sí orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nǹkan kan ló kù tí wọn ò gbà: orúkọ. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ni orúkọ Rolls-Royce wà, ilé-iṣẹ́ náà sì fún BMW láṣẹ láti máa lò ó lórí ọkọ̀, ní 40 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2003 ni BMW ti ń ṣe Rolls-Royce. Bentley ló ṣẹ́ kù sọ́wọ́ Volkswagen. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, Bentley náà tà dáadáa lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín bóyá 430 ni ẹ máa san tí ẹ bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yẹ ìwé owó wò fún ẹni tó fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan bá jókòó síwájú mi tó ní òun ti rí èyí tó wu òun, kì í ṣe iye owó ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Mo máa ń béèrè pé: kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn gan-an? Ọ̀pọ̀ èèyàn á dáhùn pé, “Gbogbo ẹ̀ ni.” Kò sí ẹni tó ń fẹ́ gbogbo ẹ̀. Nǹkan kan ló wọ̀ ọ́ lójú, ìyókù kàn tẹ̀ lé e wá ni, nínú ìyókù yẹn sì ni gbèsè, ẹjọ́ àti wàhálà máa ń sá pa mọ́ sí.

Ohun tó ń wọ èèyàn lójú lára ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn kì í sábà ju mẹ́rin lọ. Ó lè jẹ́ àwọn oníbàárà wọn. Ó lè jẹ́ ìmọ̀ tó wà lórí àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ó lè jẹ́ ohun tó ṣeé fọwọ́ gbá mú, bí ẹ̀rọ, ilé tàbí ìwé àṣẹ ìjọba. Ó sì lè jẹ́ orúkọ. (Ìkarùn-ún wà tí wọn kì í sọ síta: kí ẹni yẹn ṣáà kúrò lójú ọ̀nà. A máa kan ìyẹn nígbà tó bá yá.) Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò dúró lójú kan náà. Oníbàárà lè yí ẹsẹ̀ padà lọ́la. Ìmọ̀ a máa palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, a sì lọ sílé. Ẹ̀rọ kò lè sá lọ. Orúkọ, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i, lè má sí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún ọ. Ohun tí o fẹ́ gbà ló yẹ kó pinnu ọ̀nà tí o máa gbà gbà á.

## Dídá a ṣe tàbí rírà

Èmi fara mọ́ dídá a ṣe ju bí ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí ṣe fara mọ́ ọn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rírà ló ń mówó wọlé fún wa. Bí o bá lè gba èèyàn, kí o ra ẹ̀rọ, kí ohun tí o ń wá sì dúró láàárín ọdún méjì, dá a ṣe. Á pẹ́ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ò ní jogún ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí àkókò bá di ohun tí o ń rà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọdún 2005 ni Google ra Android, ilé-iṣẹ́ kékeré tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ọdún 2007 ni Apple gbé iPhone jáde. Nígbà tó di 2008, fóònù Android àkọ́kọ́ ti wà lórí àtẹ. Ẹni tó bá jẹ́ pé ọdún 2007 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa kó àwọn oníṣẹ́ jọ, ibo ló máa bá ọjà? Bákan náà ni ti Facebook lọ́dún 2012, tó ní òun yóò san bílíọ̀nù 1 dọ́là fún Instagram nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́ 13 péré. Kì í ṣe pé Facebook kò lè kọ ètò tí èèyàn fi ń pín fọ́tò. Àwọn tó ti ń lò ó lójoojúmọ́ ni kò ṣeé kọ́.

Àmọ́ ẹni tó ń ra àkókò gbọ́dọ̀ ṣírò ohun tí àkókò náà ná an. Ká ní ọjà ń pe ilé-iṣẹ́ kan ní 100 mílíọ̀nù, onílé sì ní òun kò ní tà á tí kò bá tó 130. Mílíọ̀nù 30 tó lé yẹn ní láti ti ibì kan wá. Bí o bá gbà pé owó rẹ gbọ́dọ̀ mú ìdá mẹ́wàá wọlé lọ́dún, a jẹ́ pé o nílò mílíọ̀nù 3 èrè tuntun lọ́dọọdún, tí o ti san owó orí lórí rẹ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ méjèèjì kò lè rí tí kálukú bá wà láyè ara rẹ̀. Kọ ibi tí mílíọ̀nù 3 náà yóò ti wá sílẹ̀, ní ìlà-ìlà: ilé ìkẹ́rù kan tí a ó tì pa, iye tí a ó dín kù lórí ohun èlò nítorí pé à ń rà á pọ̀, oníbàárà tí a ó ta ohun kejì fún. Tí ìlà kan bá ní “àǹfààní àjọṣe” láìsí iye owó níwájú rẹ̀, pa á rẹ́.

## Jíjọ ṣe é tàbí dídà pọ̀

Ibí ni èèyàn ti máa ń ṣi ọ̀nà jù, nítorí pé méjèèjì ló ń dùn ún gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ méjì tó gbéra ní ọdún kan síra wọn wéra.

Lọ́dún 1998, Daimler-Benz ti Jámánì àti Chrysler ti Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti di ọ̀kan. Iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù 36 dọ́là. Wọ́n ní ìdàpọ̀ ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ni, pé kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọọṣẹ́. Ọ̀gá méjì ló tiẹ̀ jókòó sórí àga, Jürgen Schrempp láti Jámánì àti Robert Eaton láti Chrysler. Nígbà tó fi máa di 2000, Eaton ti lọ, Schrempp sì sọ fún oníròyìn pé bí Chrysler ṣe di ẹ̀ka kan lábẹ́ àwọn yìí, bí òun ṣe fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn, pé ìmọ̀lára àwọn èèyàn ló jẹ́ kí àwọn gba ẹ̀bùrú. Àwọn onípìn-ín gbé e lọ sí kóòtù. Lọ́dún 2007, wọ́n ta ìdá 80.1 nínú ọgọ́rùn-ún Chrysler fún Cerberus, ilé-iṣẹ́ olùdókòwò kan ní Amẹ́ríkà, ní bílíọ̀nù 7.4 dọ́là.

Lọ́dún 1999, Renault ti Faransé ra ìdá 36.8 nínú ọgọ́rùn-ún Nissan, ní owó tó lé ní bílíọ̀nù 5 dọ́là. Gbèsè ti fẹ́ rì Nissan nígbà náà. Wọn ò da orúkọ pọ̀, kálukú ní ìgbìmọ̀ olùdarí tirẹ̀, kálukú ń ta ìpín tirẹ̀ lọ́jà. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ara wọn ni wọ́n jọ ṣe: wọ́n ra èròjà pa pọ̀, wọ́n jọ lo ẹ́ńjìnnì, Renault sì rán Carlos Ghosn lọ láti tún ilé ṣe. Láàárín ọdún méjì, Nissan ti ń jèrè.

Ṣé ká wá sọ pé jíjọ ṣe é dára ju dídà pọ̀ lọ? Ó yá mi lára láti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìtàn náà ò tíì parí. Bí ọdún ti ń lọ, Nissan ń tà ju Renault lọ, síbẹ̀ Renault ní ìdá 43 nínú Nissan pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti dìbò, Nissan ní ìdá 15 nínú Renault láìní ẹ̀tọ́ láti dìbò rárá. Ohun tí èèyàn fara mọ́ nígbà tí gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn kì í dùn mọ́ ọn nínú tí ara bá ti tù ú. Ọ̀rọ̀ náà ń hó lábẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n fi mú Ghosn ní Japan ní oṣù Kọkànlá 2018. Ó di 2023 kí àwọn méjèèjì tó fẹnu kò pé ìdá 15 ni kálukú yóò máa fi dìbò nínú ilé ẹnì kejì rẹ̀. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Tiwọn ní ààlà, àmọ́ ibi tí oko pin sí lọ́dún 1999 ni wọ́n ṣì ń wọ̀n ọ́n sí.

Tí ẹ bá fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ àjọní sílẹ̀, tí kálukú ní ìdajì, ọjọ́ tí ẹ ń buwọ́ lù ú ni kí ẹ kọ bí ẹ ó ṣe tú u ká. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́kọ́ ra ti ẹnì kejì? Ta ni yóò pe iye rẹ̀? Sony àti Ericsson dá irú èyí sílẹ̀ lọ́dún 2001 fún fóònù. Ní 2012 Sony ra ìdajì tó kù ní bílíọ̀nù 1.05 yúrò, oníkálukú sì ń bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó pè é ní ìkọ̀sílẹ̀. Ó wà fún sáà kan, sáà náà sì pé.

Fún ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé “ìdàpọ̀ ni, kì í ṣe rírà,” mo ní ìbéèrè mẹ́rin. Orúkọ ta ló máa wà lára pátákó? Ta ni ọ̀gá lẹ́yìn ọdún méjì? Ìlú wo ni olú ilé-iṣẹ́ máa wà? Ètò ìṣirò ti ta ni gbogbo wa máa lò lórí kọ̀ǹpútà? Tí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣubú sí apá kan, wọ́n ń rà yín ni. Kò burú kí wọ́n rà yín, bí ẹ bá ṣáà ti gba owó ẹni tí wọ́n rà. Ohun tó burú ni kí ẹ gba owó ìdàpọ̀, kí ẹ wá máa jẹ́ ọmọọṣẹ́. Ìbéèrè kẹrin lẹ́nu máa ń yà sí, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń tú àṣírí, torí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ mọ́.

Nígbà wo ni ìdàpọ̀ gidi dára? Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ, tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá sì ti fẹ́ fẹ̀yìn tì tinútinú. Ẹ wò ó, ohun mẹ́ta ni, kì í sì í sábà pé.

## Ríra ìpín tàbí ríra ohun ìní

Ká ní rírà lo fẹ́ rà. Ọ̀nà méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn sì ju bí ó ṣe rí lórí ìwé lọ. Tí o bá ra ìpín, ilé-iṣẹ́ náà kò yí padà, onílé ló yí padà. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ di tìrẹ, títí kan èyí tí o kò rí. Tí o bá ra ohun ìní, ṣe lo wọ inú ṣọ́ọ̀bù, tí o mú ohun tí o fẹ́, tí o fi ìyókù sílẹ̀ fún onítọ̀hún.

| | O ra ìpín | O ra ohun ìní |
|---|---|---|
| Gbèsè àti ẹjọ́ àtijọ́ | Ó tẹ̀ lé ọ wálé | Èyí tí o gbà nìkan, àfi tí òfin bá so mìíràn mọ́ ọ |
| Àdéhùn oníbàárà | Ó ń bá a lọ, àfi tí ìlà kan nínú rẹ̀ bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ | Wàá tún un kọ lọ́kọ̀ọ̀kan |
| Ìwé àṣẹ ìjọba | Ó sábà máa ń dúró | Ó ṣeé ṣe kí o tún lọ gba tuntun |
| Òṣìṣẹ́ | Agbanisíṣẹ́ wọn kò yí padà | Ó yí padà. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan òfin ló ń gbé wọn kọjá |
| Ẹni tó máa ń wù | Ẹni tó ń tà | Ẹni tó ń rà |

Ìlà àkọ́kọ́ nínú àtẹ yẹn ló gbówó jù. Ní oṣù Kẹfà 2018, Bayer, ilé-iṣẹ́ oògùn ti Jámánì, parí ríra Monsanto, tó ń ṣe irúgbìn àti oògùn oko, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 63 dọ́là. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní California ní kí wọ́n san 289 mílíọ̀nù dọ́là fún ọkùnrin kan ṣoṣo tó ní oògùn apakoríko Roundup tí Monsanto ń ṣe ló fa àrùn jẹjẹrẹ sí òun lára. Wọ́n dín owó ọkùnrin yẹn kù lẹ́yìn náà, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹjọ́ ti ń tò bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó di 2020, Bayer ń sọ̀rọ̀ owó tí wọ́n máa fi parí àwọn ẹjọ́ náà, tó lè tó bílíọ̀nù 10.9 dọ́là. Àwọn ẹjọ́ yẹn kì í ṣe àṣírí kí wọ́n tó rà á. Wọ́n mọ̀ pé iná wà. Bó ṣe máa tóbi tó ni wọ́n ṣì wò.

Ohun tí kò sí nínú àtẹ ni ìlà kékeré inú ìwé àdéhùn, ìyẹn sì ni mo fẹ́ fi ìrírí ara mi sọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé páálí ìwé mẹ́ta síwájú mi. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ni oníbàárà mi fẹ́ rà. Àgbàlagbà ni, ó jù mí lọ dáadáa, Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é. Ìpín ló fẹ́ rà, nítorí pé ó yá. Mo to àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí owó tí wọ́n ń mú wá ṣe tóbi tó. Ẹni àkọ́kọ́ nìkan ń mú 41 wá nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún. Mo wá àdéhùn tiwọn nínú páálí kejì, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹni tó kó wọn wá kò retí pé ẹnikẹ́ni máa ṣe. Ojú ewé kọkànlá ni ó wà, láàárín ìlà tó sọ̀rọ̀ àdírẹ́sì àti ìlà tó sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́: bí ilé-iṣẹ́ yìí bá bọ́ sọ́wọ́ onílé mìíràn, a lè fòpin sí àdéhùn yìí lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n wá wo nǹkan. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn sórí tábìlì. Wọ́n ní, “Nígbà náà, kí ni mò ń rà?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibi tí mo ti ń béèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.”

Ẹni tó ń tà á kò fẹ́ kí a bá oníbàárà ńlá yẹn sọ̀rọ̀, ó ní ìròyìn á tàn káàkiri kí ọjà tó parí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò burú. Èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ tèmi. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé a ó buwọ́ lùwé, ṣùgbọ́n owó kò ní kúrò ní báǹkì títí lẹ́tà yóò fi dé láti ọ̀dọ̀ oníbàárà náà pé ó gbà. Ọ̀sẹ̀ méje ni lẹ́tà yẹn fi rìn. Kí ó tó dé, oníbàárà ti béèrè pé kí a dín owó iṣẹ́ kù díẹ̀ fún òun, Ẹ̀gbọ́n sì yọ iye yẹn kúrò nínú owó tí wọ́n fẹ́ san. Ẹni tó tà á bínú. Ó gbà á.

Nítorí náà, bí àwọn oníbàárà lo bá ń rà, ka àdéhùn ẹni márùn-ún tó tóbi jù fúnra rẹ kí o tó fún lọ́yà. Bí ẹ̀rọ àti ilé lo bá ń rà, ra ohun ìní. Bí ìwé àṣẹ tó ṣòro gbà lo bá ń rà, kò sí ọgbọ́n, ìpín ni, kí o sì múra sílẹ̀ fún gbèsè àtijọ́: fi apá kan owó náà pa mọ́ sọ́wọ́ ẹni kẹta fún oṣù méjìdínlógún, kí ohun tó bá yọjú lè ti ibẹ̀ san ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ni, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń forúkọ ọjà sílẹ̀ lábẹ́ òfin kí o wo ẹni tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kò gbà tó ìdajì ọjọ́.

## Owó lọ́wọ́, ìpín, tàbí díẹ̀díẹ̀

Owó lọ́wọ́ ni ẹni tó ń tà máa ń fẹ́, ó sì yẹ kó fẹ́ ẹ. Gbogbo ewu di ti ẹni tó rà lọ́jọ́ tí owó bá ti kọjá. HP san bílíọ̀nù 11 dọ́là fún Autonomy, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, lọ́dún 2011. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2012, wọ́n kéde pé bílíọ̀nù 8.8 ti di òfo nínú ìwé wọn. Wọ́n pe ẹjọ́, àmọ́ ẹni tó ń lé owó tó ti jáde kì í sáré bí ẹni tí owó ṣì wà lápò rẹ̀.

Tí o bá fi ìpín rẹ san án, ẹ jọ pín ewu. Ó dára fún ẹni tí ọjà ń gbé iye ìpín rẹ̀ gẹ̀gẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ìyẹn gan-an sì ni ẹni tó ń tà fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ní oṣù Kìíní 2000, AOL, ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, kéde pé òun máa fi ìpín tí ọjà ti gbé dé òkè téńté ra Time Warner, ilé-iṣẹ́ ìròyìn àti fíìmù. Àwọn onípìn-ín Time Warner fi ohun gidi gba ohun tó fẹ́ já bọ́. Fún ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ tuntun náà kéde àdánù tó sún mọ́ bílíọ̀nù 99 dọ́là, wọ́n sì pínyà ní 2009.

Ọ̀nà kẹta ni kí o san díẹ̀ báyìí, kí ìyókù dúró lórí bí ọjà bá ṣe rí lẹ́yìn náà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń parí àríyànjiyàn: ẹni tó ń tà ní ilé-iṣẹ́ òun á dàgbà, ẹni tó ń rà ní kò dá òun lójú, ó ní ó dáa, tó bá dàgbà màá san. Ohun tí mo ti rí ni pé kì í parí àríyànjiyàn, ó kàn ń sún un síwájú ni. Tí èrè bá jẹ́ òṣùwọ̀n, ẹni tó rà lè da owó ìtọ́jú olú ilé-iṣẹ́ lé e lórí títí èrè fi máa gbẹ. Ẹni tó tà náà sì lè pa ìpolówó tì kí èrè ọdún yìí lè dára. Bí ó bá di dandan, ìmọ̀ràn mi ni kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó lọ, kó má ju ọdún méjì lọ, kó sì jẹ́ owó tó wọlé láti ọwọ́ oníbàárà ni ẹ máa fi wọ̀n ọ́n, nítorí pé owó tó wọlé ṣòro láti fi pẹ́ńsù tẹ̀.

## Mú un mọ́ra tàbí fi í sílẹ̀

Quaker Oats ra Snapple, ilé-iṣẹ́ ohun mímu inú igo, lọ́dún 1994 ní bílíọ̀nù 1.7 dọ́là, ó sì tà á ní 1997 ní 300 mílíọ̀nù. Ohun tí wọ́n rò dára lójú ìwé. Wọ́n ti ní ohun mímu Gatorade tó ń tà ní ilé ìtajà ńlá. Snapple ń tà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kékeré tí èèyàn ń yà sí lọ́sàn-án, àwọn alágbàtà tó dá dúró ló sì ń gbé e kiri. Wọ́n ní kí àwọn alágbàtà náà fi àwọn ilé ìtajà ńlá sílẹ̀ fún àwọn, kí wọ́n wá máa gbé Gatorade lọ sí àwọn ibi kékeré. Àwọn alágbàtà kọ̀. Kí nìdí tí wọn ò fi ní kọ̀? Àwọn gan-an ni Snapple. Igo ni Quaker rà.

Disney ṣe òdì kejì rẹ̀. Lọ́dún 2006, wọ́n ra Pixar, tó ń ṣe fíìmù àwòrán-eré, ní bílíọ̀nù 7.4 dọ́là, ìpín ni wọ́n fi san án. Ìmọ̀ orí èèyàn ni wọ́n ń rà, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ Pixar kò yí padà, ó wà ní Emeryville níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ìwé kan sì wà tó ka àwọn nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Èyí tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé àwọn olórí Pixar, Ed Catmull àti John Lasseter, ni wọ́n fi ẹ̀ka àwòrán-eré ti Disney fúnra rẹ̀ sí lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n rà ló wá ń tún ilé ẹni tó rà á ṣe.

Geely ti Ṣáínà náà ra ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Volvo lọ́wọ́ Ford lọ́dún 2010, ó fi olú ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Gothenburg ní Sweden. Tata ti Íńdíà ra Jaguar àti Land Rover ní 2008 ní bílíọ̀nù 2.3 dọ́là, ó jẹ́ kí àwọn ara ibẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ wọn.

Kì í ṣe pé fífi sílẹ̀ ló ń dára nígbà gbogbo o. Tí o bá ra abánidíje rẹ torí pé ilé ìkẹ́rù méjì ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀kan lè ṣe, o ò lè fi í sílẹ̀. Ìdí tí o fi rà á ni kí o da méjèèjì pọ̀, kí o sì tètè ṣe é. Èyí tí mo kórìíra ni àárín méjèèjì, kí wọ́n sọ pé àwọn ò ní fọwọ́ kàn án, kí wọ́n wá máa yí nǹkan kan padà lóṣooṣù. Àwọn tó mọṣẹ́ jù, tí wọ́n lè ríṣẹ́ níbòmíràn, ló máa kọ́kọ́ lọ.

## Ti ìjọba

Mo ní a máa kan ìkarùn-ún. Bí ìdí tí o fi ń ra ẹnì kan bá jẹ́ kó kúrò lójú ọ̀nà, má kọ ọ́ sínú ímeèlì, ní pàtàkì jù lọ, má rà á. Àwọn tó ń mójú tó ìdíje kì í sùn. Adobe kéde ní oṣù Kẹsàn-án 2022 pé òun máa ra Figma, tó ń bá a díje nínú ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ní bílíọ̀nù 20 dọ́là. Ìjọba Yúróòpù àti ti Ìlú Ọba yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi di oṣù Kejìlá 2023, àwọn méjèèjì sì jáwọ́. Adobe san bílíọ̀nù 1 dọ́là fún Figma gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn pé bí kò bá ṣeé ṣe, ẹni tó fẹ́ rà ló máa san. Bí ìwọ lo ń tà, béèrè fún irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré kì í sábà dé ojú ìwọ̀n tí ìjọba fi ń dá sí i, àmọ́ kí lọ́yà rẹ wò ó.

## Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́

Ọ̀pọ̀ ìwé ìfiwéra máa ń parí síbi ìbuwọ́lùwé. Èmi máa ń ní kí oníbàárà mi kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ sórí ojú ewé kan, kí a tó buwọ́ lù ohunkóhun. Ta ni yóò sọ fún àwọn òṣìṣẹ́, aago mélòó, ní yàrá wo? Ó yẹ kó jẹ́ ẹni tó tà á ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹni tó rà á tó sọ. Ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì, ta ló ni fóònù tí àmì ìdánimọ̀ máa ń wọlé sí? Nínú ilé-iṣẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, akọ̀wé kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó rántí pe ìyá náà sí ìpàdé kankan. Màmá náà gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ pé wọ́n ti ta ibẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù wọn sínú báàgì.

Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló lọ bá wọn nílé ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọn ò ṣèlérí ńlá kankan. Wọ́n béèrè ọjọ́ tí owó oṣù máa ń wọlé, màmá náà ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, wọ́n sì ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n náà ló máa wọlé. Ó wọlé lọ́jọ́ náà. Màmá yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.